Kíkà ECG: ohun tó ń mú ojú tàsé, àti bí a ṣe lè kọ́ ọ dójú àmì

Ní ọdún 2020, David Cook àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kó àbájáde ìwádìí 78 jọ láti mọ bí àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ṣe mọ ECG kà tó. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú JAMA Internal Medicine kò múni lórí yá. Kí àwọn tí wọ́n dán wò tó gba ẹ̀kọ́ pàtàkì lórí rẹ̀, nǹkan bí 54 ni wọ́n ń kà bó ṣe yẹ nínú 100. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ó gòkè dé 67. Akẹ́kọ̀ọ́ gba nǹkan bí 42. Dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá gba nǹkan bí 56. Dókítà tó ti ń dá ṣiṣẹ́ gba nǹkan bí 69. Àwọn dókítà ọkàn gan-an, tó jẹ́ pé iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni, gba nǹkan bí 75.

ECG kì í ṣe ohun àjèjì. Òun ni ìwé oníìlà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lẹ okùn mọ́ ọwọ́, ẹsẹ̀ àti àyà ènìyàn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti wà ní ọsibítù. Kì í dunni, kì í gba ẹ̀jẹ̀ lára, kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ó sì wà lára àyẹ̀wò ọkàn tí owó rẹ̀ kéré jù. Kí ló wá dé tí kíkà rẹ̀ ṣì ń ṣòro tó báyìí? Èrò tèmi ni pé àbùkù náà kò sí lójú àwọn tó ń kà á. Ọ̀nà tí a gbà ń kọ́ wọn ló fà á: à ń kó àwòrán lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń fa àwòrán náà, à ń tò ó fún wọn ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ bí ẹni pé aláìsàn máa ń kọ orúkọ àìsàn rẹ̀ síwájú orí wọlé, ìwọ̀n tí a sì fi ń kọ́ wọn, lára àwọn ènìyàn mìíràn ni wọ́n ti mú un wá.

Ọkàn ní iná tirẹ̀. Ní apá òkè yàrá òkè ọ̀tún, ẹran kékeré kan wà tó ń ta iná fúnra rẹ̀, ìgbà 60 sí 100 láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tí ara bá balẹ̀. Arthur Keith àti Martin Flack ló ṣàlàyé rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1907. Sinus node ni àwọn dókítà ń pè é. Iná náà á ràn ká yàrá òkè méjèèjì, á mú wọn fún pọ̀, á sì dé ojú ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo tó so òkè mọ́ ìsàlẹ̀, AV node, èyí tí Sunao Tawara, ọmọ ilẹ̀ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Marburg ní Jámánì, ṣàlàyé ní 1906. Iná máa ń dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ìdúró yẹn ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ráyè ṣàn wọ yàrá ìsàlẹ̀ kí yàrá ìsàlẹ̀ tó fún un jáde. Láti ibẹ̀, á gba okùn tí Wilhelm His rí ní 1893 àti àwọn fọ́nrán tí Jan Purkinje ti rí ní 1839, á sì dé gbogbo ara yàrá ìsàlẹ̀ ní wàràwàrà.

Ìrìn àjò yìí náà ló ń hàn lórí bébà. Òkìtì kékeré àkọ́kọ́, P, jẹ́ ti yàrá òkè. Ìlà ṣóńṣó tó ga, QRS, jẹ́ ti yàrá ìsàlẹ̀. Òkìtì tó tẹ̀lé e, T, ni ìgbà tí yàrá ìsàlẹ̀ ń gba agbára padà. Ẹni tó bá mọ ìrìn àjò náà lè fi làákàyè mọ ohun tó yẹ kó hàn bí ọ̀nà bá dí níbì kan tàbí bí iná bá ṣẹ́ yọ láti ibòmíràn. Ẹni tó bá há àwòrán sórí nìkan, ọjọ́ tí àwòrán bá yí padà díẹ̀ báyìí, ọwọ́ rẹ̀ á ṣófo.

Augustus Waller ló kọ́kọ́ gba ìlà yìí lára ènìyàn láìla àyà rẹ̀, ní ọsibítù St Mary's ní London ní 1887, ṣùgbọ́n ìlà tirẹ̀ kò mọ́ gaara. Willem Einthoven, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tí wọ́n bí ní Semarang ní erékùṣù Java, ló sọ ọ́ di ohun tó ṣeé fi tọ́jú aláìsàn nígbà tó ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀ ní Leiden ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ẹ̀rọ náà wúwo tó nǹkan bí 270 kg, ènìyàn márùn-ún ló ń darí rẹ̀, aláìsàn á sì ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ inú garawa omi iyọ̀. Òun ló sọ àwọn òkìtì náà ní P, Q, R, S àti T. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1924. Lẹ́yìn rẹ̀, Frank Wilson ní Michigan ṣí ọ̀nà fún wíwo ọkàn láti orí àyà ní àwọn ọdún 1930, Emanuel Goldberger sì fi igun mẹ́ta tó kù kún un ní 1942. Báyìí ni ó ṣe di igun 12, tí à ń pè ní lead: ọkàn kan náà, láàárín àkókò kan náà, tí a ń wò láti ibi 12.

Bébà náà ń rìn 25 mm láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àpótí kékeré kan lórí rẹ̀ jẹ́ 0.04 ìṣẹ́jú-àáyá, àpótí ńlá kan jẹ́ 0.20. Ẹni tó bá ka àpótí ńlá tó wà láàárín QRS kan sí èkejì, kó pín 300 sí iye rẹ̀, á mọ iye ìgbà tí ọkàn ń lù láàárín ìṣẹ́jú kan: àpótí mẹ́ta jẹ́ 100, àpótí márùn-ún jẹ́ 60. Bí àlàfo náà kò bá dọ́gba, kó ka gbogbo QRS tó wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá 10, kó sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́fà. Èyí kò le. Ọmọ tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é.

Ìbéèrè ló kù lẹ́yìn náà. Ṣé ọkàn ń yára ni àbí ó ń falẹ̀? Ṣé àlàfo QRS dọ́gba? Ṣé P wà níbẹ̀, ṣé ó sì dojú kọ òkè ní lead II? Ṣé gbogbo P ló ní QRS tirẹ̀, ṣé gbogbo QRS ló ní P tó ṣáájú rẹ̀, báwo ni àwọn méjèèjì sì ṣe jìnnà síra tó? Láti ìbẹ̀rẹ̀ P dé ìbẹ̀rẹ̀ QRS kò yẹ kó dín sí àpótí kékeré mẹ́ta, kò sì yẹ kó ju márùn-ún lọ. QRS fúnra rẹ̀ kò yẹ kó fẹ̀ tó mẹ́ta. Àwọn kan máa ń sọ pé irú ìlànà báyìí wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, pé àgbà dókítà á kàn wò ó lẹ́ẹ̀kan ni, á sì mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni pé àgbà máa ń tètè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ìlù bá ti ṣàjèjì, ìbéèrè wọ̀nyí kan náà ni àgbà ń padà sí. Lójú tèmi, èyí tó kan P ló wúlò jù, torí òun ni ẹni tó ń kánjú máa ń fò.

Nínú àwọn ìlù tó dàrú tó sì ń pẹ́ lára, atrial fibrillation ló wọ́pọ̀ jù. Yàrá òkè kò fún pọ̀ mọ́. Ó kàn ń gbọ̀n ni. P á pòórá, ìsàlẹ̀ ìlà á máa wárìrì, QRS á sì máa wá láìní ètò kankan: méjì á sún mọ́ra, ẹ̀kẹta á jìnnà, ẹ̀kẹrin á tún yára dé. Àwọn oníṣègùn ti ń fọwọ́ kan ìlù yìí lọ́rùn ọwọ́ aláìsàn tipẹ́ láìmọ ohun tó ń fà á, kí Thomas Lewis ní London tó fi ECG fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1909. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ohun tó ń tì í á máa dì nínú yàrá òkè. Bí èyí tó dì bá já, ọpọlọ ló sábà máa ń gbà lọ. Ìwádìí Framingham ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ewu rọpárọsẹ̀ lára ẹni tó ní ìlù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ti ẹni tí kò ní in. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ ríru ló máa ń wà nídìí rẹ̀ jù lára àgbàlagbà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́, kí a wo ilẹ̀kùn ọkàn tí ibà rheumatic ti bà jẹ́ láti kékeré. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wà, ó sì ń dín ewu rọpárọsẹ̀ kù púpọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa kọ ọ́ fún ẹni tí kò sí ẹni tó mọ̀ pé ìlù ọkàn rẹ̀ dàrú? Ìyá àgbà tó ní àyà òun ń lù kìkì, tí wọ́n ní kó lọ máa sinmi, pé ìrònú ni, ó yẹ kí ẹnì kan di ọwọ́ rẹ̀ mú fún ìṣẹ́jú kan péré, kó sì gba ECG lára rẹ̀.

Atrial flutter sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n òun ní ètò. Yàrá òkè ń lù ní nǹkan bí 300 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìlà rẹ̀ á rí bí eyín ayùn, AV node sì sábà máa ń jẹ́ kí ẹyọ kan kọjá nínú méjì. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ara fu ẹni tó bá rí ọkàn tó ń lù ní 150 gééré láìyẹsẹ̀. Kó wá eyín ayùn náà kiri lead II, III àti aVF kó tó pè é ní nǹkan mìíràn.

Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lójijì lára ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, tó yára, tó dọ́gba, tí QRS rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́, SVT ni wọ́n ń pè é. Iná ló há sójú ọ̀nà tó ń yí po. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní REVERT, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sì jáde nínú Lancet ní 2015, fi ohun kan tí kò náni ní kọ́bọ̀ hàn: kí aláìsàn fi agbára fẹ́ èémí fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 lórí ìjókòó, kí wọ́n dá a dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè. Ìlù 43 nínú 100 padà sípò. Nígbà tí wọ́n ṣe é lọ́nà àtijọ́, láìsí dídùbúlẹ̀ àti ẹsẹ̀ gbígbé, 17 péré ni. Nígbà tí ìlù bá ti wálẹ̀, kí wọ́n tún gba ECG mìíràn, kí wọ́n wo bóyá P sún mọ́ QRS jù, tí ìbẹ̀rẹ̀ QRS sì rọra dagun. Àmì ọ̀nà ẹ̀bùrú tí Wolff, Parkinson àti White kọ nípa rẹ̀ ní 1930 nìyẹn.

Níbi QRS tó fẹ̀ tó sì ń yára ni mo ti fẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera tó bá ń ka èyí dúró dáadáa. Ó lè jẹ́ pé yàrá ìsàlẹ̀ ló ń dá lù fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní VT, ó sì lè di ikú láàárín ìṣẹ́jú. Ó lè jẹ́ SVT tí ẹ̀ka ọ̀nà iná kan dí fún. Ìlànà tí àwọn ọmọ ìyá Brugada gbé jáde ní 1991 láti fi yà wọ́n sọ́tọ̀ gbajúmọ̀, òmíràn sì ti pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan tí kì í tàsé nígbà mìíràn. Ohun tí gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí ni pé, bí kò bá dá ọ lójú, VT ni kí o pè é, kí o sì tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, pàápàá lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ní àìsàn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá pe VT ní SVT tó sì fa oògùn verapamil sí aláìsàn lára lè mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀ láìgbòkè mọ́. Ẹni tó bá ṣi SVT pè ní VT kì í sábà ṣe irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀. Pé ara aláìsàn ṣì le, tó ń sọ̀rọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, kò fi hàn pé kì í ṣe VT. Ọ̀pọ̀ ni ó ti tàn jẹ níbẹ̀.

Ìlù tó ń falẹ̀ ní tirẹ̀ tún ń béèrè ojú tó rọra. Karel Wenckebach mọ̀ ní 1899, láti ara ìlù ọwọ́ tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀, pé àlàfo láàárín ìlù yàrá òkè àti ti yàrá ìsàlẹ̀ lè máa gùn díẹ̀díẹ̀ títí ìlù kan á fi sọnù pátápátá. ECG Einthoven kò tíì dé nígbà náà. Làákàyè ló fi ṣe é, kì í ṣe àwòrán. Ní 1924, Woldemar Mobitz ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára irú kejì, níbi tí àlàfo kò yí padà rárá kí QRS tó sọnù lójijì. Ti Wenckebach sábà máa ń rọjú. Ti kejì ń kìlọ̀ pé ọ̀nà náà lè dí pátápátá. Bí ó bá dí tán, P á máa lọ ní ìwọ̀n tirẹ̀, QRS á máa lọ ní tirẹ̀, bí ìgbà tí onígángan àti onígúdúgúdú bá jókòó pọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ti ẹnìkejì. Olúkúlùkù dọ́gba, àwọn méjèèjì kò bára mu. Aláìsàn á máa dákú. Pacemaker, ẹ̀rọ kékeré tó ń ta iná fún ọkàn, ni ìwòsàn rẹ̀, kò sí àgúnmu tàbí abẹ́rẹ́ tó lè dípò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Báwo ni ojú ṣe ń kọ́ gbogbo èyí? Rose Hatala àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2003 tó yẹ kí gbogbo olùkọ́ ECG mọ̀. Wọ́n pín akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sí méjì. Apá kan ń fi ECG irú kan náà dánra wò kí wọ́n tó kúrò lórí rẹ̀ bọ́ sórí òmíràn. Apá kejì rí wọn ní àdàlù, wọ́n sì ní kí wọ́n máa fi ọ̀kan wé èkejì. Nígbà tí ìdánwò dé, apá àdàlù yọrí ju apá kejì lọ dáadáa. Èyí yé mi. Nígbà tí ìwé bá ti kọ atrial fibrillation sórí ojú ewé kan, ojú kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe níbẹ̀ mọ́. Ó ti mọ ìdáhùn kó tó wo ìlà. Ní Göttingen ní Jámánì, Tobias Raupach àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ tún fi hàn pé ìdánwò tí máàkì wà nínú rẹ̀ ń mú akẹ́kọ̀ọ́ mọ ECG ju bí olùkọ́ ṣe ń pààrọ̀ ọ̀nà ìkọ́ni lọ. Bí a kò bá béèrè rẹ̀ nínú ìdánwò, a kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Èmi á fi nǹkan méjì kún un. Àkọ́kọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ya ìrìn àjò iná sábẹ́ ìlà náà, yàrá òkè lókè, AV node láàárín, yàrá ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀, bí àwọn àgbà láti ìgbà Lewis ti ń ṣe. Ẹni tó bá ya á kò lè fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀; ó ní láti sọ ibi tí ìlù kọ̀ọ̀kan ti wá. Èkejì, kí ó kọ ìdáhùn tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó gbọ́ ti ọ̀gá. Ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù, ọ̀gá ló ń sọ̀rọ̀ tí àwọn yòókù ń mi orí, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá orí tó ń mì náà gbọ́ nǹkan kan.

Kí a má gbàgbé ohun tí kì í ṣe ti ọkàn rárá. Bí wọ́n bá ṣi okùn ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì fi pààrọ̀, lead I á dojú délẹ̀, aVR á sì nàró sókè. Iná mànàmáná tó ń ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ti ilẹ̀ wa, máa ń mú ìlà nípọn ní wínníwínní bí okùn ilẹ̀ kò bá dára tàbí bí wáyà jẹnẹrétọ̀ bá kọjá nítòsí. Aláìsàn tó ń gbọ̀n nítorí òtútù tàbí àìsàn Parkinson lè ya ohun tó jọ VT. Bradley Knight àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ní 1999 nípa aláìsàn 12 tí wọ́n tọ́jú fún irú VT tí kò sí bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn gba ẹ̀rọ tí wọ́n gbìn sí àyà rẹ̀. Bí wọ́n bá ti wo ìlà náà fínní, wọn ì bá rí QRS gidi tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láàárín ariwo.

Ibi tó dùn mí jù ni ti ìwọ̀n. Sokolow àti Lyon gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní San Francisco ní 1949: bí gíga S ní V1 àti R ní V5 tàbí V6, tí wọ́n jẹ́ igun orí àyà, bá jẹ́ 35 mm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lápapọ̀, ògiri yàrá ìsàlẹ̀ òsì ti nípọn jù. Lára ènìyàn dúdú, ìlà náà sábà máa ń ga láìjẹ́ pé ògiri nípọn. Àìmọye ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ni irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ lè sọ di aláìsàn lórí bébà. Nítorí èyí ni Araoye, onímọ̀ ọkàn ní Ilorin, fi ṣe ìlànà tirẹ̀ tó bá ara wa mu, tí àwọn olùwádìí ní Nàìjíríà sì ń lò nínú iṣẹ́ wọn títí di òní. Ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn láti Ilorin dé Èkó mọ̀ ọ́n bí wọ́n ṣe mọ ti Sokolow. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyì lásán. Ní Abẹ́òkúta, àkọsílẹ̀ tí wọ́n ṣe nípa àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára mọ́ fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí ti ẹni tó ju mẹ́ta lọ nínú mẹ́rin, ECG sì ni ọ̀nà tó rọrùn jù láti rí ìpalára náà kí ọkàn tó rẹ̀ tán.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn eléré. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fọwọ́ sí ní 2017 gbà pé T tó dojú délẹ̀ láti V1 dé V4, bí ìlà tó ga díẹ̀ bá ṣáájú rẹ̀, lè jẹ́ ohun tó dára lára eléré aláwọ̀ dúdú. T tó dojú délẹ̀ ní V5 àti V6 kò sí lára ìdáríjì yìí. Àyẹ̀wò síwájú sí i ló ń fẹ́. Òǹkàwé tó bá dàgbà tó á rántí agbábọ́ọ̀lù Samuel Okwaraji, tó ṣubú tó sì kú ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè ní August 12, 1989, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ròyìn lẹ́yìn náà pé ọkàn rẹ̀ tóbi, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ilẹ̀ Ítálì ti sọ ECG di dandan fún eléré láti 1982. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ wa kò tíì dùbúlẹ̀ fún ọ̀kan rí.

Oògùn pẹ̀lú ń kọ ọwọ́ tirẹ̀ sórí ìlà. Àlàfo QT, láti ìbẹ̀rẹ̀ Q dé òpin T, máa ń gùn lábẹ́ àwọn oògùn ibà kan, bíi quinine, àti ní pàtàkì halofantrine, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lò ní Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1990 kí ìkìlọ̀ tó pọ̀ nípa ikú òjijì. Bí QT tí a ti ṣírò mọ́ ìyára ọkàn bá kọjá 500 mílíìsẹ́kọ́ńdì, VT tó ń lọ́ bí okùn lè bẹ̀rẹ̀, èyí tí François Dessertenne sọ ní torsades de pointes ní 1966. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́, potassium rẹ̀ lè gòkè: T á ga ṣóńṣó, P á tẹ́, QRS á máa fẹ̀ sí i. Níbi tí èsì láàbù ti ń gba wákàtí púpọ̀ kó tó dé, ìlà yìí lè gba ẹ̀mí là kí èsì náà tó jáde.

Ẹ̀rọ wá ń kà á fún wa báyìí. Lórí bébà lókè, á tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde ní lẹ́tà ńlá, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í wo ìlà mọ́ lẹ́yìn náà. Ní 2004, Frank Bogun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan yẹ ECG 2,298 tí kọ̀ǹpútà pè ní atrial fibrillation wò. 442 nínú wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn aláìsàn 382 tí àṣìṣe náà kàn, dókítà kò tún ti 92 ṣe, ó sì fún àwọn kan nínú wọn ní ìtọ́jú tí kò yẹ. Ẹ̀rọ tuntun gbọ́n ju ìyẹn lọ. Ní 2019, àwọn olùwádìí Stanford fi ìlà 91,232 kọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì dá oríṣi ìlù 12 mọ̀ bí dókítà ọkàn. Ní ọdún kan náà, ti ilé ìwòsàn Mayo rí àmì atrial fibrillation lára ìlà tí ojú ènìyàn ń pè ní pípé. Mo dunnú sí i tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ pẹ̀lú ìlà àwọn ará ibòmíràn lè gbé àṣìṣe Sokolow padà wá bá wa, lọ́nà tí yóò ṣòro láti rí. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá wa, UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Èkó, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, UITH ní Ilorin, ní àpótí ECG tó kún. Bí wọ́n bá kó wọn jọ, tí àwọn dókítà ọkàn wa kọ ìdáhùn sí wọn, a ó ní ohun tí a lè fi dán ẹ̀rọ yòówù wò kí a tó gbà á.

Ní báyìí ná, fóònù ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré á ya fọ́tò ECG, á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí dókítà ní ìlú ńlá. Einthoven ti ṣe irú rẹ̀ ní 1905, nígbà tó ń gba ìlà láti ọsibítù wá sí yàrá ìwádìí rẹ̀ lórí wáyà tẹlifóònù, nǹkan bí kìlómítà kan àbọ̀. Ọ̀nà náà dára, àmọ́ fọ́tò tó wọ́, tí ìdajì bébà kò sí níbẹ̀, kò ṣeé wọ̀n. Kí ó dúró gbọnrangandan lórí bébà, kí gbogbo igun 12 hàn, kí ìyára bébà náà hàn. Ó sì tún yẹ kí nọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n kà, torí ọ̀pọ̀ ìlù tó dàrú kì í dúró de dókítà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì òru, ó sì ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó wà lórí iṣẹ́ ní aago méjì ló lè mú un. Kí ó gba ECG náà nígbà tí àyà ṣì ń lù, kí ó kọ aago sí i, kí ó kọ bí aláìsàn ṣe rí àti oògùn tó ti lò. Lẹ́yìn náà, kí ó fún aláìsàn ní ẹ̀dà kan kó mú lọ sílé, kí ó sì sọ fún un pé ibikíbi tó bá tún lọ, kó mú un dání, torí dókítà tó máa wo tuntun á nílò ti àtijọ́ láti fi wé e.